Ọwọ́ Tó Gbìn àti Ọwọ́ Tó Ń Mú Un Hù: Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé àti Ìpín Ènìyàn Nínú Èso Iṣẹ́ Rẹ̀

Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ọgbà ń tọ́ka sí ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń tọ́ka sí odi tàbí igi tí a tò yí ilẹ̀ kan ká, ó sì tún ń tọ́ka sí ilẹ̀ náà gan-an àti gbogbo ohun tó ń hù nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ènìyàn tó lè sọ pé òun ní ọgbà, ó ní láti kọ́kọ́ pààlà, kí ó ya ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó sì gbà pé ìtọ́jú ohun tó bá wà nínú ààlà náà ti di ojúṣe òun. Àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ní orúkọ fún oríṣìíríṣìí ilẹ̀ ọ̀gbìn: oko ẹgàn ni èyí tó wà lọ́nà jíjìn nínú igbó, níbi tí olóko ti lè lo ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó padà wálé, oko etílé ni èyí tó súnmọ́ ìlú, tí ènìyàn lè jí lọ ní àárọ̀ kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́, àkùrọ̀ ni ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí kì í gbẹ tán, tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ló kéré jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé lásán ni, nítòsí ilé ìdáná àti balùwẹ̀, ohun tó sì máa ń wà níbẹ̀ kò ju ebè ewédú àti tẹ̀tẹ̀ mélòó kan, igi ata, ilá, ewúro tó dúró ní igun ògiri, efinrin, igi ìbẹ́pẹ kan, àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó ń mu omi ìwẹ̀.

Bí ọgbà yìí ti kéré tó, ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ti ń bá jà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí irúgbìn bá hù tí ó sì so, ta ló ṣe é? Bí kò bá sì hù, tàbí tí ó hù tí ó kú, ọrùn ta ni ẹ̀bi wà? Ìdáhùn méjì ló yá ènìyàn lẹ́nu. Èkíní ni pé ọwọ́ ẹni tó gbìn ló ṣe é, nítorí pé ohun tí ènìyàn bá gbìn ni yóò ká. Èkejì ni pé Ọlọ́run, tàbí orí ẹni, ló ṣe é, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń gbìn tí kì í rí nǹkan ká. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé kò gba èyíkéyìí nínú ìdáhùn méjèèjì bí ó ti wà. Ohun tí ó ń kọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ ni pé ìtọ́jú jẹ́ gbèsè tí ènìyàn ní láti san, ṣùgbọ́n èso kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí ó lè fi dandan gbà; ibi tí gbèsè yìí àti ẹ̀bùn yẹn ti pàdé ni ayọ̀ ọgbà wà, ibẹ̀ náà sì ni ìnira rẹ̀ wà.

Ó tọ́ láti fi ọgbà kékeré yẹ ìbéèrè yìí wò ju oko ńlá lọ. Ẹni tó ní oko ńlá lè di ẹ̀bi ru àwọn alágbàṣe, ọjà tàbí katakata, ó sì lè lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìfojú kan ohun tó gbìn. Ní ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ tó gbìn ni ọwọ́ tó ń bomi rin, ojú kan náà ló sì ń wo ebè ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Èdè Yorùbá kò kúkú gbà kí a sọ̀rọ̀ ìtọ́jú kí a má gbọ́ ojú nínú rẹ̀: ẹni tó ń tọ́jú nǹkan ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára nǹkan náà.

Ro àti Ṣọ́

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, ní orí kejì, sọ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló gbin ọgbà Édẹ́nì kí ó tó fi ènìyàn àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, iṣẹ́ méjì ló sì gbé lé ènìyàn náà lọ́wọ́. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1884, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a lò fún iṣẹ́ méjèèjì ni ro àti ṣọ́. Láti ro ilẹ̀ ni láti fi ọkọ́ tú u, kí a sì mú èpò kúrò nínú rẹ̀. Láti ṣọ́ ọ ni láti máa fojú sí i, kí ewúrẹ́, ẹyẹ àti olè má baà wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nídìí èkíní, avad, ni èdè náà tún ń lò fún sísin Ọlọ́run. Èyí tó wà nídìí èkejì, shamar, ni ó tún ń lò fún pípa òfin mọ́. Èyí kò gbọdọ̀ ya ẹni tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà, sìn, ni Yorùbá fi ń sọ pé ènìyàn ń sin Ọlọ́run àti pé ó ń sin adìyẹ tàbí ewúrẹ́, òun náà ló sì bí ẹran ọ̀sìn àti ẹlẹ́sìn. Nínú èdè méjèèjì, ìtọ́jú ohun abẹ̀mí kò jìnnà sí ìjọsìn.

Ohun méjì tún wà nínú ìtàn náà tí ó yẹ kí a má fojú fò. Èkíní ni pé kì í ṣe ènìyàn ló gbin ọgbà tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ó bá a níbẹ̀ ni, bí gbogbo ẹni tó bá jogún ilẹ̀ ṣe ń bá a níbẹ̀. Èkejì ni pé a ti fún un ní iṣẹ́ ọgbà kí ẹ̀gún àti òṣùṣú tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà ní orí kẹta. Iṣẹ́ kì í ṣe ègún nínú ìtàn yìí. Òógùn àti àìdánilójú tó bá iṣẹ́ rìn lẹ́yìn náà ni ègún. Nítorí náà, ẹni tó bá ka fífi ọwọ́ kan ilẹ̀ sí ìyà àwọn aláìní ti ṣi ìtàn náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Májẹ̀mú Tuntun tẹ̀ síwájú láti pín iṣẹ́ náà. Nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, Pọ́ọ̀lù gba iṣẹ́ gbígbìn fún ara rẹ̀, ó fi ìbomirin fún Àpólò, ó sì fi ìdàgbàsókè fún Ọlọ́run nìkan. Ìhìnrere Máàkù sì sọ ti ọkùnrin kan tó fúnrúgbìn, tó ń sùn tó ń jí, tí irúgbìn náà ń hù láìjẹ́ pé ó mọ bí ó ṣe ń ṣe é. Al-Kùránì béèrè irú ìbéèrè kan náà tààràtà nínú Súrà 56: ó ní kí àwọn ènìyàn wo ohun tí wọ́n ń gbìn, kí wọ́n sì sọ bóyá àwọn ni wọ́n ń mú un hù tàbí Ọlọ́run, kò pẹ́ sí i ló tún béèrè nípa omi tí wọ́n ń mu, bóyá àwọn ló ń rọ̀ ọ́ láti inú ìkùukùu.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè rò pé àwọn ìwé mímọ́ wọ̀nyí ti gba gbogbo iyì kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Òfin sàká lórí irè oko, èyí tí í ṣe ìdá tí Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ yọ nínú ohun tó kórè fún àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òjò tàbí odò ló bomi rin irè náà, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni olóko yóò yọ. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi làálàá fa omi sí i, ìdá kan nínú ogún ni. Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé kì í sábà wà lára ohun tí sàká di dandan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò tó wà nínú òfin náà kan olúkúlùkù tó ń gbé garawa omi. Ó gbà pé làálàá ènìyàn níye lórí, débi pé ó dín ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kù sí ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa gbogbo omi náà má yọ ohunkóhun. Bó ti wù kí iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ tó, apá kan ṣẹ́kù nínú èso tí kì í ṣe ti ọwọ́.

Orí, Ẹsẹ̀ àti Kóró Ewédú

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Orí, nínú ẹ̀kọ́ Ifá, kì í ṣe agbárí lásán. Òun ni ìpín tí olúkúlùkù yàn ní ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, kí ó tó wá sáyé. Wándé Abímbọ́lá, tó ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ẹsẹ Ifá, ṣàlàyé ìtàn Orísèékú, Orílééméèrè àti Afùwàpẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí. Orí tí àwọn méjì àkọ́kọ́ yàn kò jinná dáadáa, òjò sì pa wọ́n lọ́nà títí orí náà fi ń yìnrìn; nígbà tí wọ́n dé ayé, èrè iṣẹ́ wọn ń lọ sí títún orí tó ti bàjẹ́ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ Ifá náà kò sọ pé kí olórí rere jókòó tẹtẹrẹ. Abímbọ́lá tọ́ka sí ipò ẹsẹ̀, èyí tó dúró fún akitiyan àti ìrìn ènìyàn, pé orí rere láìsí ẹsẹ̀ kò lè dé ibi tó ń lọ. Láàárín orí àti ẹsẹ̀ ni Yorùbá tún fi ọ̀rọ̀ kan sí, àfọwọ́fà, ìyẹn láburú tí kò ti ọ̀run wá, tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni náà ló fi fà á.

Kóró ewédú jẹ́ àpẹẹrẹ tó fi gbogbo èyí hàn nínú ohun tí kò tó orí ìka. Ó kéré, ó dúdú, èèpo rẹ̀ sì le. Bí a bá fọ́n ọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò sùn sínú ilẹ̀ láìhù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbìn máa ń di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á rì í bọ inú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á sá a kí ó gbẹ, kí wọ́n tó fọ́n ọn sórí ebè. Omi gbígbóná náà kò fi ẹ̀mí sínú kóró, nítorí pé ẹ̀mí ti wà níbẹ̀; ohun tó ṣe ni pé ó ṣílẹ̀kùn fún un. Bí omi bá kàn án ju bó ti yẹ lọ, kóró náà yóò sè, kò sì sí ọgbọ́n tó lè mú un hù mọ́. Ohun tó wà nínú kóró dà bí orí, ọwọ́ tó rì í bọmi dà bí ẹsẹ̀, ọwọ́ tó gbàgbé rẹ̀ sínú omi ni àfọwọ́fà.

Àpẹẹrẹ yìí tún tú ohun kan fó tí àwọn tó ń jiyàn lórí àyànmọ́ kì í sábà kíyè sí. Àfọwọ́fà kì í ṣe àìbìkítà nìkan. Ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọ̀gbìn ẹ̀yìnkùlé ló ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn wọn jù: ẹni tó ń bomi rin ata láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ títí gbòǹgbò rẹ̀ fi rà, tàbí ẹni tó da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí tẹ̀tẹ̀ kí ó lè yára sanra, tí ewé rẹ̀ sì jóná. Ìfẹ́ wà nínú ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ojú kò sí níbẹ̀. Ohun tí òun fẹ́ ló ń wò, kò wo ohun tí ọ̀gbìn náà ń béèrè. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà. Sùúrù nínú ọgbà ju kí a jókòó kí a máa retí lọ. Ó jẹ́ ìmọ̀ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Èpò àti Ọ̀ràn Ọ̀sanyìn

Èpò ni ewéko tí kò sí ẹni tó gbìn ín, tó ń bá èyí tí a gbìn du ilẹ̀, omi àti oòrùn. Ìtumọ̀ yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ìtàn Ifá kan tó gbajúmọ̀ mú kí ó ṣòro. Ìtàn náà sọ pé Ọ̀rúnmìlà ra Ọ̀sanyìn ní ẹrú, ó sì rán an lọ ro oko. Nígbà tí Ọ̀sanyìn gbé àdá, kò lè gé ewé kankan, nítorí pé ó mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúlò fún: èyí ń wo ibà, èyí ń wo inú rírun, èyí ń mú kí aboyún bímọ wẹ́rẹ́. Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà gbọ́ ìdí tí oko fi wà láìro, kò na ẹrú náà. Ó mú un súnmọ́ ara rẹ̀, kí ó lè máa kọ́ ọgbọ́n ewé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ìtàn yìí ń béèrè ni bóyá èpò jẹ́ irú ewéko kan, tàbí ó kàn jẹ́ orúkọ tí ebi àti èròńgbà ènìyàn sọ ewéko. Ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀ fara mọ́ Ọ̀sanyìn. Tẹ̀tẹ̀ tí a ń jẹ àti tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tí a ń fà tu jọ jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́. Ọ̀kan ń wọ ìkòkò, èkejì ń wọ ààtàn. Gbúre máa ń hù fúnra rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n yóò fi se ọbẹ̀. Rinrin tó ń hù ní ẹsẹ̀ ògiri tó tutù, tí ọmọdé ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, wà lára àwọn ewé ẹ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀dúndún àti tẹ̀tẹ̀, ìyẹn àwọn ewé tí a gbà pé wọ́n ń mú ara àti ọ̀ràn tutù. Ẹni tó bá ń ro ẹ̀yìnkùlé láìmọ orúkọ ohun tó ń gé ń dájọ́ láìgbọ́ ẹjọ́.

Síbẹ̀, ẹni tí kò bá ro ọgbà rẹ̀ rárá kò ní rí ewédú ká. Ìtàn náà kò kúkú sọ pé kí Ọ̀rúnmìlà má jẹun mọ́. Ohun tó ṣeé rí kọ́ níbẹ̀ ni pé gbogbo ọgbà ló dá lórí yíyàn, gbogbo yíyàn ló sì ní ohun tó ń kọ̀ sílẹ̀. Ènìyàn kò lè bọ́ lọ́wọ́ kíkọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó lè kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ àti ọ̀wọ̀, bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe máa ń bá ewé sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó já a. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé ìmọ̀ yìí sọdá òkun nígbà tí wọn kò lè gbé ilẹ̀ wọn dání. Nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tó jáde láti inú ìmọ̀ náà níbẹ̀, títí di òní, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n di mú ṣinṣin ni pé láìsí ewé kò sí òrìṣà. Àwọn ilé ẹ̀sìn bíi Ilê Axé Opô Afonjá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1910, sì ń fi apá kan ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún igbó àti ewé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá tí ilé wà. Pẹ̀rẹ̀gún tí a fi ń sọgbà yí ojúbọ ká nílé kò pàdánù orúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tó ti pàdánù ohun gbogbo, tó tún wá ilẹ̀ díẹ̀ láti gbin ewé sí, mọ̀ pé ọgbà ju ibi tí a ti ń rí oúnjẹ lọ. Ibẹ̀ ni ó ti ń rántí ara rẹ̀.

Àdánù àti Ẹ̀bi

Yorùbá ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni òwe náà ń sọ, ṣùgbọ́n olùtọ́jú ọgbà mọ̀ ọ́n ní ti gidi. Adìyẹ tí a fi ọwọ́ ara ẹni sìn ló ń tan ebè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n kóró sí. Ewúrẹ́ aládùúgbò yóò ti jẹ ẹ̀fọ́ oṣù kan tán kí onílé tó jí. Tata ń gé ewé, ìgbín ń jẹ ọ̀gbìn kéékèèké ní òru. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kànga a máa gbẹ, omi tí ó bá sì wà, mímu àti sísè ló kọ́kọ́ kàn. Nínú ìlú ńlá, kọnkéré ti bo ẹ̀yìnkùlé, ọ̀pọ̀ sì ti sọ àpò, garawa tó jò àti táyà àtijọ́ di ilẹ̀ wọn.

Nígbà tí àdánù bá dé, ohun tí ọkàn máa ń kọ́kọ́ wá ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwọn ìwé mímọ́ náà ní ìtàn tó lè ti ènìyàn sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Súrà 68 nínú Al-Kùránì sọ ti àwọn tó ni ọgbà kan, tí wọ́n búra pé àwọn yóò kórè rẹ̀ ní ìdájí láìfi ti Ọlọ́run kún un, kí tálákà kankan má baà rí wọn wọlé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọgbà náà ti run. Súrà 18 sọ ti ọkùnrin tó ní ọgbà méjì, tó wò wọ́n tí ó sì sọ pé wọn kò lè parun láé, tí wọ́n sì parun. Ṣùgbọ́n ìgbéraga àti ahun ni ìtàn méjèèjì ń bá wí. Wọn kò sọ pé gbogbo ẹni tí ẹ̀fọ́ rẹ̀ kú ló gbéra ga. Òwe Yorùbá sọ ọ́ gbangba: òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ìhìnrere Mátíù pẹ̀lú, ní orí karùn-ún, sọ pé òjò Ọlọ́run ń rọ̀ fún olódodo àti aláìṣòdodo bákan náà. Bí òjò kò bá yan ẹni rere láti rọ̀ fún, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀dá di ẹ̀rí pé ènìyàn búburú ni aládùúgbò rẹ̀.

Òwe Jésù kan nínú Ìhìnrere Lúùkù, ní orí kẹtàlá, ló sún mọ́ ọ̀ràn yìí jù. Ọkùnrin kan ní igi ọ̀pọ̀tọ́ nínú ọgbà àjàrà rẹ̀; ó ti ń wá èso lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìrí, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n gé e. Olùtọ́jú ọgbà bẹ̀bẹ̀ pé kí ó fi í sílẹ̀ fún ọdún kan sí i, kí òun lè gbẹ́ ilẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, kí òun sì fi ìgbẹ́ ẹran sí i. Ìtàn náà parí síbẹ̀. Kò sọ bóyá igi náà so ní ọdún tó tẹ̀ lé e tàbí wọ́n gé e. Ẹni tó ni ọgbà ń wo èso, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti wò ó. Ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ń wo ìdí igi, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Kò ṣèlérí èso, nítorí pé èso kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi àìlèṣèlérí yìí ṣe àwáwí láti ju ọkọ́ sílẹ̀. Ohun tó dá lábàá ni ọdún kan, ọkọ́ kan àti ajílẹ̀. Gbogbo ohun tí ènìyàn lè jẹ ní gbèsè fún ohun tí ó ń tọ́jú, yálà igi, ọmọ tàbí aláìsàn, wà nínú ẹ̀bẹ̀ yẹn.

Ayọ̀ Tí Kì í Ṣe Ti Ẹnìkan

Bí èso kì í bá ṣe ẹ̀tọ́, a jẹ́ pé ẹ̀bùn ni, bí a sì ṣe ń gba ẹ̀bùn kọ́ ni a ṣe ń gba owó iṣẹ́. Ẹni tó gba owó iṣẹ́ lè tì í mọ́ inú àpótí; ọ̀gbìn ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀ ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ewúro tí a ń rẹ́ ló ń ṣù, èyí tí a kò fọwọ́ kàn a máa ga lọ sókè, ewé rẹ̀ a sì dín kù. Tẹ̀tẹ̀ tí a gé lórí a máa yọ ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilá tí a kò ká ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta a máa kó, Yorùbá sì ní ilá tó kó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Kì í ṣe pé ó nù nìkan, igi rẹ̀ pàápàá kò ní fẹ́ so púpọ̀ mọ́. Níwọ̀n bí ìdílé kan kò ti lè jẹ gbogbo ohun tó pọ́n lọ́sẹ̀ kan tán, ọgbà náà ló ń ti onílé lọ sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò pẹ̀lú ewé lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn sọ ìtìjáde yìí di ìlànà. Ìwé Léfítíkù, ní orí kọkàndínlógún, pàṣẹ pé kí olóko má kórè dé igun oko rẹ̀, kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò; orí kan náà sì ní kí ẹni tó gbin igi eléso má jẹ nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ó fi ti ọdún kẹrin fún Ọlọ́run, kí ó tó jẹ ti ọdún karùn-ún. Hàdíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì tí a gbà sílẹ̀, tẹ̀ síwájú ju èyí lọ. Nínú èyí tó wà nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim, a kọ́ wa pé ohunkóhun tí ẹyẹ, ènìyàn tàbí ẹranko bá jẹ nínú ohun tí Mùsùlùmí gbìn di sàráà fún un. Gbólóhùn kan nínú ti Muslim fi ohun tí olè jí pàápàá kún un. Sàráà, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yá láti èdè Lárúbáwá fún ọrẹ àánú, sábà máa ń jẹ́ ohun tí ènìyàn fínnúfíndọ̀ fi sílẹ̀. Níbí, ó kan ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ rárá. Èyí kò sọ olè di olóòótọ́, kò sì ní kí a má ti ilẹ̀kùn ọgbà. Ohun tó ṣe ni pé ó gba àdánù kúrò lọ́wọ́ ìbínú, ó sì fi í sínú ìṣirò mìíràn. Ẹyẹ tó jẹ ìbẹ́pẹ kò mọ̀ pé òun gba sàráà, ẹni tó gbìn ín kò sì mọ̀ pé òun ṣe é, síbẹ̀ ó ti di ṣíṣe.

Hàdíìsì mìíràn tún wà tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé òpin: bí Ọjọ́ Ìkẹyìn bá dé bá ẹnìkan pẹ̀lú ọ̀gbìn lọ́wọ́, tí ó bá sì lè gbìn ín, kí ó gbìn ín. Kò sí ẹni tí yóò jẹ èso igi yẹn. Bí ìwúlò iṣẹ́ bá wà nínú èso nìkan, àṣẹ náà kò ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìtọ́jú bá jẹ́ gbèsè tí ènìyàn ń san nítorí pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ abẹ̀mí, ìtumọ̀ rẹ̀ kò lè ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Igi Tí A Kò Ká

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ilé ìwòsàn tó gbòde, ilẹ̀ ilé àti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ààtàn máa ń wà, níbi tí èèpo iṣu, eérú àti ewé gbígbẹ ti ń jẹrà. Ibi tí ìwàláàyè ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ohun tó ti parí ń lọ kò jìnnà síra, àárín méjèèjì sì ni ẹ̀fọ́ ti ń hù. Nígbà tí Yorùbá bá bá àgbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àdúrà ni wọ́n fi ń kí i, Àroko bọ́dún dé: kí ó máa ro oko títí ọdún yóò fi yí po. Ìkíni náà kò yìn ín fún ohun tó ti ká, kò sì ṣèlérí ohun tí yóò ká. Ó ń tọrọ pé kí iṣẹ́ náà máa bá a lọ.

Ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ohun kékeré kan tí gbogbo ẹni tó ń gbin ewédú ń ṣe. Nígbà tí wọ́n bá ń ká ebè, wọ́n máa ń yọ igi tó dára jù sọ́tọ̀, èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tí ara rẹ̀ sì le, wọn kò ní ká a. Wọ́n á bomi rin ín pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n á lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n á sì máa wò ó bí ó ti ń yọ òdòdó, tí ó ń so, tí èso rẹ̀ ń gbẹ, títí kóró inú rẹ̀ yóò fi dúdú tí èèpo rẹ̀ yóò sì le. Ọwọ́ wọn ló yàn án, ọwọ́ wọn ló ṣọ́ ọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú èèpo náà kò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á fi aṣọ di í, wọ́n á gbé e kọ́ òkè ààrò, títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé tí omi yóò tún gbóná.